Láti Orí Ìda Dé Ardour: Bí Ohùn Ṣe Ń Wọ Ẹ̀rọ ní Apá Ọ̀dọ̀ Wa

Ohùn àwọn ará Togo ti ń wọ inú ẹ̀rọ láti ayé àwọn Jámánì, tí wọ́n ṣàkóso ilẹ̀ yìí láti 1884 títí di 1914. Ẹ̀rọ ìgbà náà ń fi abẹ́rẹ́ fín ohùn sára ìda róbótó kan. Bí olórin bá ti kọrin tán, wọ́n á di ìda náà sínú àpótí, ó di Berlin, níbi tí Carl Stumpf ti dá ilé ìkóhùn-pamọ́ kan sílẹ̀ ní 1900, èyí tí wọ́n ń pè ní Phonogramm-Archiv. Ní 1999, UNESCO fi ilé náà kún àkójọ Ìrántí Àgbáyé. Ẹni tó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ẹ̀dà kankan lọ́wọ́. Bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gbọ́ ọ, Jámánì ni yóò kọ̀wé sí.

Mo mú un láti ibẹ̀ nítorí pé láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ti wà nínú iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ tí mò ń ṣe yìí, kò sì tíì kúrò níbẹ̀: lẹ́yìn tí ohùn bá ti wọ ẹ̀rọ, ta ló lè ṣí i? Ọmọ Kambolé ni mí, ní agbègbè Tchamba, lẹ́bàá ààlà Benin. Nàgó tí à ń sọ àti èyí tí wọ́n ń sọ ní Manigri lódì kejì ààlà, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n Sokodé ni mo ṣí sítúdíò sí, nínú yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá kọrin ní Tem, ní Akaselem, ní Nàgó àti ní Faransé, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń gbà.

Kí ẹnikẹ́ni tó máa gba orin sílẹ̀ ní Sokodé, Lomé ni à ń wò, Lomé fúnra rẹ̀ sì ń wo Paris. Bella Bellow, ọmọ Tsévié tí wọ́n bí ní 1945, ṣojú Togo ní àjọ̀dún ńlá iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní Dakar ní 1966. Gérard Akueson ló ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, Paris ni wọ́n sì gbé e lọ kí ohùn rẹ̀ tó wọ àwo tó sọ ọ́ di olókìkí, Manu Dibango sì bá wọn dá sí i. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní Oṣù Kejìlá 1973, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ní Cotonou, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Àwọn ilé iṣẹ́ àwo kéékèèké ibẹ̀ kò dúró de sítúdíò kankan. Ẹ̀rọ Nagra ni wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ nínú orin T.P. Orchestre Poly-Rythmo sílẹ̀. Stefan Kudelski ló ṣe ẹ̀rọ téèpù náà ní Switzerland, fún àwọn oníròyìn àti àwọn tó ń ya sinimá, nítorí náà ó ṣeé gbé kọ́ èjìká, bátìrì ló sì ń lò. Máíkì kò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ fún gbogbo ẹgbẹ́. Bí fèrè bá bo ohùn mọ́lẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni máa yí: olùfèrè ló máa sún sẹ́yìn, akọrin á sún mọ́ máíkì. Mo fẹ́ràn àwọn àwo wọ̀nyẹn ju ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe nínú sítúdíò olówó iyebíye lọ, èèyàn sì ṣì lè fi etí mọ ibi tí onílù dúró sí nínú yàrá.

Ìjọba Togo náà kọ́ tirẹ̀ sí Lomé, wọ́n pè é ní Office Togolais du Disque, OTODI ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Sítúdíò wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ àwo náà wà níbẹ̀. Owó ńlá ló bá a lọ, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó fi kógbá sílé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ṣẹ́ kù sínú. Nígbà tí Peter Solo àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Vaudou Game, fẹ́ ṣe àwo tí wọ́n fi orúkọ ibẹ̀ pè, Otodi, tó jáde ní 2018, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ náà ni wọ́n padà lọ jí dìde. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Lomé jìnnà sí Sokodé ní nǹkan bíi kìlómítà 340, nígbà tí OTODI sì ń ṣiṣẹ́, olórin wo láti Kambolé ló ní owó ọkọ̀, owó ilé àti owó sítúdíò?

Kásẹ́ẹ̀tì ni sítúdíò tiwa. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan á wà láàárín àgbàlá, ẹnì kan á tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbéyàwó á wọlé, wọ́líìmà á wọlé, wákà àwọn ìyá wa á wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun kò wọ́pọ̀. Fújì tó ń wá láti Nàìjíríà gba ilẹ̀ Benin kọjá ni wọ́n máa ń gbà lé lórí. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ti ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e, ṣùgbọ́n bébà tí a ká mọ́ra tó láti dí ihò náà, Barrister olórin fújì á sì yọ̀ǹda àyè fún ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ. Nínú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ tí mo ṣì ní lọ́wọ́, fújì ṣì ń dún fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ orin àwọn obìnrin Kambolé. Ọyẹ́ àti oòrùn ló pa èyí tó pọ̀ jù. Téèpù á gbẹ, á máa já.

Ní 1991 ni Togo ṣe òfin tó dá BUTODRA sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olórin àti òǹkọ̀wé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ títí wọ 1993. Bí a ṣe ń mí sókè díẹ̀, ní 12 Oṣù Kìíní 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì. Ẹ̀rọ tó ń bọ̀ láti Yúróòpù, tó ti wọ́n tẹ́lẹ̀, di ìlọ́po méjì láàárín òru kan. Ẹni tó ń tọ́jú owó láti ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ olọ́nà mẹ́rin padà sídìí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté Lomé wọlé lọ́pọ̀, a rò pé ìyà ti tán. Kò sẹ́ni tó ń ra sọ́fítíwíà, nítorí pé iye tí wọ́n ń ta ojúlówó ju gbogbo ohun tó wà nínú sítúdíò lọ. Inú ọjà ni à ń ti rí i, lórí àwo CD tí wọ́n fi bírò kọ nọ́mbà gígùn sí lẹ́yìn. Wọ́n ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣáájú kó tó dé ọwọ́ wa, àrùn kọ̀ǹpútà sì sábà máa ń bá a wọlé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó lò ó, ebi ẹ̀rọ ń pa wá. Ohun tó ń dùn mí ni ibi tó já sí. A gba orin bàbá àgbà kan sílẹ̀ ní Tchamba, orin Akaselem tí kò sí ẹni tó tún mọ̀ ọ́n tán bíi tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí a fi gbà á kú, ẹ̀dà sọ́fítíwíà náà kú mọ́ ọn, ẹ̀dà tuntun sì kọ̀ láti ka fáìlì náà. Bàbá ti lọ. Fáìlì rẹ̀ wà lórí díìsìkì mi títí di òní, mo mọ ìwọ̀n rẹ̀, mo mọ ọjọ́ tí a ṣe é, n kò lè gbọ́ ọ.

A kò mọ̀ pé àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìṣòro yìí gan-an níbòmíràn. Richard Stallman ti kéde iṣẹ́ GNU ní 1983: sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, lè tún un ṣe, lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún aládùúgbò. Linus Torvalds gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, jáde ní 1991. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ohùn kò tíì yá lórí rẹ̀. Jaroslav Kysela, ọmọ ilẹ̀ Czech, bẹ̀rẹ̀ ALSA ní 1998 láti mú káàdì ohùn kan, Gravis Ultrasound, ṣiṣẹ́ bó ti yẹ lórí Linux, ibẹ̀ ni ọ̀nà sì ti là. Ní 1999, Dominic Mazzoni àti olùkọ́ rẹ̀, Roger Dannenberg, bẹ̀rẹ̀ Audacity, tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń tún un ṣe, ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde fún gbogbo ènìyàn ní Oṣù Karùn-ún 2000. Àkókò kan náà ni Paul Davis, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ kóòdù fún Amazon, dáwọ́ lé Ardour. Odidi sítúdíò ló fẹ́ kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí onílù, akọrin àti olùfèrè á fi ní ọ̀nà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Davis yìí kan náà ló ṣe JACK, tó ń gbé ohùn láti inú sọ́fítíwíà kan bọ́ sínú òmíràn láìjẹ́ kó falẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ìlù sílẹ̀ rí mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Kọ̀ǹpútà kì í gba ohùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ńṣe ló ń bù ú ní ìdì ìdì. Bí ìdì kan bá jẹ́ ẹyọ 1,024, tí a sì ń gba ẹyọ 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdì kan á jẹ ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí onílù gbọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ìgbọ́hùn-etí pẹ̀lú ìfalẹ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, á sì sọ fún ọ pé ẹ̀rọ rẹ ń bá òun jà. Bí a bá dín ìdì náà kù sí 128, kò ní tó ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún mọ́, onílù á rẹ́rìn-ín. Kí Linux tó lè ṣe é láìkọsẹ̀, àwọn bíi Ingo Molnár àti Thomas Gleixner fi ọ̀pọ̀ ọdún tún inú rẹ̀ ṣe. Ọdún 2024 ni apá tó kù nínú iṣẹ́ náà tó wọ inú Linux gan-an.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Àwọn ọmọ Sokodé pọ̀ ní Jámánì, àwọn ló sì ń mú nǹkan wálé. Ẹ̀gbọ́n kan láti ibẹ̀ ló fún mi ní Ubuntu Studio lórí àwo DVD. Ubuntu Studio, irú Linux kan tó kọ́kọ́ jáde ní 2007, kó Ardour, JACK, Audacity, Hydrogen tó ń lu ìlù àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn pọ̀ sójú kan. Kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ti pè ní òkú ló gbé e. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, òfin rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀." Kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nípa irinṣẹ́ iṣẹ́ mi kankan.

Irú ìrònú yìí ti wá gbilẹ̀ ní Togo. Ní Lomé, Sénamé Koffi Agbodjinou dá WoeLab sílẹ̀ ní 2012, níbi tí Afate Gnikou ti fi pàǹtí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, W.Afate, nínú àwòrán tí àwọn mìíràn ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn ará Emmabuntüs ní Faransé, tí ń fi Linux sórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tún ṣe, ń bá ẹgbẹ́ bíi YovoTogo àti JUMP Lab'Orione ṣiṣẹ́ láti gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tó bá kọ́ kọ̀ǹpútà lórí irú rẹ̀ kì í bẹ̀rù nígbà tó bá wọ sítúdíò mi.

Audacity ló tàn kálẹ̀ jù, torí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows náà. Títí di ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ohun kan máa ń dá àwọn ènìyàn dúró: wọ́n á gba orin tán, wọ́n á fẹ́ sọ ọ́ di MP3 fún fóònù, Audacity á ní kí wọ́n lọ wá LAME, irinṣẹ́ tó ń sọ ohùn di MP3. Àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí MP3 ń gba owó, Audacity kò sì lè kó o mọ́ra. Àfi kí èèyàn máa gbé LAME kiri lọ́tọ̀ lórí USB. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà parí ní 2017, ìdènà náà tú, wọ́n sì fi LAME sínú rẹ̀ ní 2019. Wàhálà kejì ni pé Audacity àtijọ́ ń kọ fáìlì kékeré kan tó ń parí sí .aup, ohùn gangan sì wà nínú fódà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Olórin á kó .aup nìkan sórí USB, á gun ọkọ̀ lọ sí Kambolé, á ṣí i níbẹ̀, kò ní gbọ́ ohunkóhun. Láti 2021 ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì ẹyọ kan. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Muse Group gba Audacity, tí ẹ̀rù sì ba àwọn kan nípa ohun tí yóò máa gbà nípa wọn. Wọ́n mú kóòdù náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn, Tenacity. Kò sí ẹni tó lè dá wọn dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí gan-an. A lọ gba orin ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní Kambolé. Ààfáà àdúgbò ló bá wa bẹ̀ wọ́n. Máíkì kan wà lọ́dọ̀ ìyá tó ń lé orin, ìkejì wà láàárín àwọn tó ń gbè é tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún láìdẹwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀ ná kí ẹ tó gbé e."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ìdákẹ́ ṣe? Orin lo bá wá."

Mo ṣàlàyé fún un. Nínú ìdákẹ́ náà, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló máa wọ máíkì. Mo lè fi ibi kékeré yẹn han Audacity pé ariwo tí mo fẹ́ kó mọ̀ nìyí, kó wá a kàn lábẹ́ gbogbo orin, kó sì dín in kù. Mi ò ní jẹ́ kó dín in kù jù, torí bí èèyàn bá fún un ní àyè, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohùn èèyàn mọ́ ọn, orin á wá dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ìyá gbọ́, ó mi orí. Ó wá ní kí n má yọ àkùkọ o, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń kọ orin náà. Jẹnẹrétọ̀ lọ, àkùkọ wà níbẹ̀.

Inú Ardour ni mo ti to orin náà. Fódà iṣẹ́ kan ni Ardour ń dá. Bí èèyàn bá wọ inú rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n pè ní audiofiles, fáìlì WAV lásán ló máa bá, tí ẹ̀rọ èyíkéyìí lè kọ jáde. Ìwé tó ń sọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkà tí ojú lásán lè rí. Bí Ardour parẹ́ láyé lọ́la, orin àwọn ìyá Kambolé kò ní há. Fún èmi, èyí ju kí nǹkan jẹ́ láìsanwó lọ fíìfíì.

Ní Oṣù Kẹsàn-án 2017, nígbà ìwọ́de, íntánẹ́ẹ̀tì kú ní Togo fún ọjọ́ mélòó kan. Ní sítúdíò ẹnì kan tí mo mọ̀, sọ́fítíwíà tó gbọ́dọ̀ lọ gba àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣí kọ̀ jálẹ̀, pẹ̀lú olórin tó ti sanwó tó jókòó sí ìta. Ọ̀dọ̀ mi ni ó mú olórin náà wá.

Kò rọrùn ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ ń mú ìlù wá tí wọ́n ti ṣe nínú FL Studio, Ardour kò sì lè ṣí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìlù kọ̀ọ̀kan di WAV. Wọ́n fẹ́ ohùn tó ń gbọ̀n bíi ti rédíò. Fons Adriaensen ti ṣe irinṣẹ́ fún un, Robin Gareus tó wà lára àwọn tó ń kọ Ardour sì tún un ṣe kó lè wọ inú Ardour, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ojú tó ń dán tí wọ́n ti rí nínú fídíò. Káàdì ohùn kan wà tí kì í fọhùn lórí Linux rárá, kí èèyàn béèrè kó tó sanwó. Ẹni tó bá sì ń sọ pé iṣẹ́ ọmọdé ni èyí, mo máa ń sọ fún un pé Harrison, àwọn tó ń ṣe tábìlì ìyíhùn fún sítúdíò ńláńlá ní Nashville, orí Ardour ni wọ́n kọ́ Mixbus wọn lé ní 2009.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwa oníṣẹ́ ohùn ní Sokodé ṣe. Ẹ̀dà Ardour tó ti ṣetán, tó wà lórí ìkànnì wọn, owó ni wọ́n ń béèrè fún un, bó tilẹ̀ kéré, nínú rẹ̀ sì ni àwọn tó ń kọ ọ́ ti ń jẹun. Káàdì báǹkì ló ṣòro níhìn-ín. Ẹ jẹ́ ká máa dá a jọ, kí ọmọ ìlú kan ní Jámánì bá wa san án. Bí a ṣe ń san owó mọ́sálásí àti ti kànga nìyẹn.

Ẹni tó bá gba ohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi báyìí ń gba USB tí fódà Ardour wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú orin gan-an ní FLAC, tó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ìwọ̀n fáìlì kù sí ìdajì láìsọ ohunkóhun nù, àti ẹ̀dà sọ́fítíwíà tó ń ṣí i. Mo ń fi ìwé kékeré kan sí i ní Nàgó, orúkọ ẹni tó lé orin àti orúkọ àwọn tó gbè é. Ti Kambolé wà lọ́wọ́ ẹbí ìyá náà, òmíràn wà lọ́dọ̀ ààfáà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Tchamba ti ń fi irú irinṣẹ́ yìí gba orin Akaselem sílẹ̀ fúnra wọn, wọn kì í gbé e wá sọ́dọ̀ mi mọ́ àfi bí wọ́n bá fẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì kù nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kambolé. Ẹni tó bá ní i, kó má ṣe gbé e sínú rédíò tó ń jẹ téèpù, kó má sì sá a sóòrùn. Kó gbé e wá. Èyí tí wọ́n kọ C60 sí gba wákàtí kan péré láti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ojú kan, mo sì máa ń dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà.